Sólà Tí Wọ́n Ń Tẹ̀ Bíi Gààrí

Kí n tó sọ ohun tí mo gbọ́, ẹ bá mi yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀. Kò sí? Ó dáa. Mo mọ̀ pé n kò tíì dárúkọ ẹnì kankan o, nítorí ní Ìgbó-Ọrà níbí, bí ẹ bá ké “Ìyá Ìbejì” lójú pópó, ìdajì ọjà ló máa jẹ́ yín. Èyí tó ń ta ìlasa ni mò ń wí. Òun ló ra páànẹ̀lì sólà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó dì í sẹ́yìn ọ̀kadà. Ọmọ náà ní, “Ìyá, sólà ìgbàlódé nìyí o, àwọn yunifásítì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Òṣùpá pàápàá, ó ń gbà á.” Ẹ̀yin ará, òṣùpá! Ó sì sanwó. Nígbà tí bàálé rẹ̀ gbọ́ iye tó san, ó wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bùrọ̀dá tó ń tún rédíò ṣe lójúde wa ló bá a tú u. Ó fi èékánná ha á, ọ̀dà dúdú ń bọ́. Abẹ́ rẹ̀, sílíkọ́ọ̀nù àtijọ́ tó ti là sí wẹ́wẹ́ ni.

Ẹ má dá Ìyá Ìbejì lẹ́bi jù. Àwa ará Ìgbó-Ọrà àti Ìbàràpá lápapọ̀, bí wọ́n bá ti dárúkọ yunifásítì, ara wa a rọ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n bá wa fojú rí sòbìà ní Ìdèrè, wọ́n bi àwọn àgbà ní ìbéèrè títí ó fi sú wọn. Sòbìà náà sì lọ, torí ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ fún Nàìjíríà pé ó ti tán nílẹ̀. Àwọn ará yunifásítì tún ka ìbejì wa tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn kan ní iṣu ló ń fà á, àwọn kan ní ìlasa ni. Ìyá Ìbejì fara mọ́ ti ìlasa, ẹ̀yin náà kúkú mọ ìdí.

Kí ni mò ń sọ bọ̀ ná? Sólà. Ọmọ ọlọ́kadà yẹn kò kúkú parọ́ tán. Bùrọ̀dá fi fóònù rẹ̀ hàn wá pé sólà tuntun kan wà lóòótọ́, perovskite ni wọ́n ń pè é. Èyí tí gbogbo wa mọ̀, inú iyanrìn ni wọ́n ti ń yọ sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀, iná tó ju 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọn. Tuntun yìí, èròjà tó ń ṣàn bí omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á kán an sórí gíláàsì tó ń yí bìrìbìrì, á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi iná tó tó 100 péré gbẹ ẹ́, ó parí. Nígbà tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní 2009, nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn tó bọ́ sí i, 3.8 ló di iná. Lónìí ó ti kọjá 26 nínú ilé ìwádìí. Sílíkọ́ọ̀nù ti Bell Labs tó jáde ní 1954, 6 ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà inú ilé wa bá béèrè pé, “Ṣé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn. Bùrọ̀dá ṣí ìwé ìwádìí kan tó jáde nínú Scientific Reports ní 2020, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: Oyèládé, Oyèwọlé, Oyèwọlé mìíràn, Adéníjì. Ìyá àgbà ní ṣé ìwé ìkómọ ni wọ́n ń kà ni. Ọ̀gá wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Wọlé Ṣóboyèjọ, tó ti kọ́ni ní Princeton, tó ṣe olórí African University of Science and Technology ní Àbújá láti 2012 sí 2014, tó tún ré kọjá sí Worcester Polytechnic Institute ní Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi ni?

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Ìpele ìpele ni wọ́n ń tò sólà yìí, ekuru tín-ín-rín sì máa ń há sáàárín ìpele, kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró ti jáàkì níbi tí wọ́n ti ń fún gààrí, ẹ mọ̀ ọ́n: bẹ́ ẹ bá yí i díẹ̀, omi ò ní jáde tán; bẹ́ ẹ bá yí i jù, àpò á bẹ́. Iye tó dáa jù fún sólà wọn tó 7 lórí òṣùwọ̀n ìtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ́gápásíkà, bí ẹni pé ẹ kó àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀ lé ibi tí kò ju èékánná lọ. Ní ibẹ̀, iná tó ń mú jáde fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìyàwó onígààrí tó wà níjòókòó ní òun ì bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn mìíràn ní Nàìjíríà tilẹ̀ ti fi sóbò àti ewé làálì ṣe aró sínú irú sólà mìíràn tí Grätzel ará Switzerland gbé jáde ní 1991. Iná tí irú aró ewé bẹ́ẹ̀ ń mú wá kì í sábà ju 1 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. N kò ní bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n tèmi, mo máa mu sóbò mi.

Kí ló wá dé tí perovskite kò tíì dé orí òrùlé wa? Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀rinrin díẹ̀ tó bá ráyè wọ inú rẹ̀, ó bàjẹ́. Ooru náà ń bá a jà. Òjé tún wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì rántí ohun tí òjé fi ojú àwọn ọmọdé rí ní Zamfara ní 2010 kò ní fẹ́ kó fọ́ sínú kànga. Síbẹ̀, Oxford PV, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Brandenburg ní Jámánì, tẹ́ perovskite lé orí sílíkọ́ọ̀nù, oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n sì kó àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ sí Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ohun tí ọmọ kan ń fi ọ̀kadà kiri Ìgbó-Ọrà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra sólà lọ́dún yìí, kó ra sílíkọ́ọ̀nù, kó sì fi èékánná ha á kó tó sanwó. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, bí tiyín bá ti fẹ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò nínú yàrá tútù nìkan. Ẹ gbé e wá sí Ìbàràpá, kí òjò oṣù kẹfà rọ̀ sí i, kí ọyẹ́ náà fẹ́ ekuru bò ó. Òrùlé wà, ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè yín náà wà.