Wọ́n Mọ̀ Mí Bí Ẹní Mowó

Láti ọjọ́ tí bàbá ìyàwó mi ti kú, tí mo fi fóònù wo iye tí wọ́n ń ta pósí, fóònù ọ̀hún ò jẹ́ kí n rímú mí mọ́. Pósí onígíláàsì. Pósí aláwọ̀ wúrà. Pósí tí wọn ó gbé wá bá ọ nílé lọ́fẹ̀ẹ́. A ti sin bàbá, a ti ṣe òkú ẹ̀yẹ, a ti san gbèsè málùú tán (ó ku díẹ̀), síbẹ̀ ìpolówó pósí ò yéé wọlé. Bí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù, pósí á yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi rí i, ó rọra bi mí pé ṣé kò sí nǹkan tí dókítà sọ tí mo ń fi pa mọ́ fún òun. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó gbọ́n ju ẹ̀dá lọ ò mọ̀ pé ẹni tó bá ra pósí kan kì í sábàá padà wá ra òmíràn lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lórí rédíò. Wọ́n ní gbogbo ohun tí à ń tẹ̀ lórí fóònù, ohun tí à ń rà, ibi tí ẹsẹ̀ wa ń gbé wa lọ, títí kan bí a ṣe pẹ́ tó nídìí àwòrán kan, ni àwọn iléeṣẹ́ ń kó jọ lókìtì lókìtì, tí kọ̀ǹpútà ń tú u palẹ̀ kó lè sọ ohun tí a máa ṣe lọ́la. Báńkì ń lò ó, ọsibítù ń lò ó, àgbẹ̀ ń lò ó, olóṣèlú ò kẹ́rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn ìyẹn. Èyí tó ń dùn mí lọ́kàn ni pé bó bá kan gbígba owó lọ́wọ́ mi, òkìtì ìsọfúnni yìí á rí mi kedere, àní nínú òkùnkùn. Bó bá wá kan fífún mi ní nǹkan, ojú rẹ̀ á fọ́ lójijì.

Ẹ wo àwọn ayánilówó orí fóònù. O ò mọ̀ wọ́n rí, wọn ò ní kí o mú onídùúró wá; ìwọ ṣáà gbà kí áàpù wọn wo inú fóònù rẹ. Á ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí ọ, á fi mọ iye tó ń wọlé fún ọ, á sì kó orúkọ gbogbo ẹni tó o mọ̀. Obìnrin aládùúgbò mi kan lọ yáwó níbẹ̀. Mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, mi ò jẹ nínú rẹ̀, àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ tí mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ pé ọ̀rẹ́ olè ni mí. Wọ́n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ obìnrin náà, sí ìyá ọkọ rẹ̀, sí ẹni tó ń ta gáàsì fún un. Ọ̀rọ̀ irú àwọn ayánilówó yìí le débi pé àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, lọ ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan l'Ékòó ní 2022. Àjọ yìí kan náà ló bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ní 2024, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwa ọmọ Nàìjíríà. Mo pàtẹ́wọ́. Mo sì dúró. Ìsọfúnni tèmi ṣáà wà nínú èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà. Kọ́bọ̀ ò kàn mí.

Báńkì àti ìjọba náà ń kó tiwọn jọ. BVN ti báńkì dé ní 2014, nọ́ńbà 11. NIN ti ìjọba, nọ́ńbà 11 mìíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wa pé ká jìnnà síra nítorí kòrónà, ìjọba ní ká so síìmù mọ́ NIN láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á tì í pa. A rọ́ lọ, a sì fún ara wa pọ̀ síbẹ̀. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ojú mi, ọjọ́ ìbí mi, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo wá fi káàdì gbowó ní ìlú àna mi lásìkò ìsìnkú, báńkì tì í pa. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà wọn ṣàkíyèsí pé ìnáwó mi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́: àna mi ló kú! Málùú, àtíbàbà, olórin. Ṣé kọ̀ǹpútà ò tíì re òde òkú rí ni? Kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n ní kí n mú bíìlì iná wá, kí wọ́n lè mọ ibi tí mò ń gbé. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ta pósí mọ ibẹ̀ dáadáa.

Àwọn òyìnbó náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Ní 2008, Google ní òun á máa fi ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ibi tí àìsàn ọ̀fìnkìn ti ń jà. Ayé yìn wọ́n. Nígbà òtútù 2012 sí 2013, òǹkà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àwọn dókítà. Ní 2015, wọ́n ká a kúrò nílẹ̀. Èèyàn á gbọ́ nípa ọ̀fìnkìn nínú ìròyìn, á wá a wò lórí fóònù, wọ́n á ní ó ti ń wúkọ́. Bó bá ṣe pé ọwọ́ wọn ni tèmi bọ́ sí, wọ́n ti kà mí mọ́ òkú nìyẹn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé Science ní 2019, nípa ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń yan aláìsàn tó nílò àmójútó gidi ní Amẹ́ríkà. Kò mọ àìsàn. Owó tí wọ́n ń ná sórí èèyàn ló fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń ná sórí aláwọ̀ dúdú kì í tó ti aláwọ̀ funfun tí àìsàn wọn jọ rí bákan náà, ni kọ̀ǹpútà bá pinnu pé ara wọn le. Àwọn olùwádìí ní bí wọ́n bá tún un ṣe, ìpín àwọn aláwọ̀ dúdú nínú àwọn tó máa rí ìrànlọ́wọ́ náà gbà á kúrò ní 17.7 nínú ọgọ́rùn-ún, á di 46.5. Èmi tí mi ò rówó lọ sí ọsibítù láti èṣí, ara mi á le koko lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ náà ò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń dá oko kòkó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òfin kan jáde nílẹ̀ Yúróòpù ní 2023 pé ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wá sọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fi oko tó ti wá hàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí wọ́n pa igbó run lẹ́yìn 2020. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, kí wọ́n ya gbogbo ààlà rẹ̀. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti gbé fóònù dání, wọ́n ti rìn yí oko ẹ̀gbọ́n mi po. Yúróòpù lè mọ ibi tí igi kòkó rẹ̀ parí sí. Ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé afárá tó lọ sí oko ti wó.

Ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? 2006 ni wọ́n kà wá kẹ́yìn. Wọ́n ní Kánò lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, Èkó náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ṣùgbọ́n kò tó Kánò. Èkó yarí, ó ní òun lé ní mílíọ̀nù 17. Wọ́n tún fẹ́ kà wá ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2006 yẹn ti tó ìbò dì. Ọlọ́ṣẹ mọ iye ìgbà tí mò ń fọṣọ, ìjọba ò mọ̀ bóyá mo wà.

Àwọn oníná wá fi tiwọn dé e. Ilé wa ò ní mítà, àfojúdá ni wọ́n fi ń kọ bíìlì fún wa. Tiransifọ́mà àdúgbò jó, àbẹ́là là ń tàn, ni bíìlì bá dé ní ìparí oṣù, ó ju ti ìgbà tí iná wà lọ. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wò ó títí, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sà, kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi bi í bóyá iná wà ládùúgbò wa."

Ó ní, "Ìyẹn ò sí lára ohun tí wọ́n kọ sí i, sà."

Mo fẹ́ fa ìwé náà ya lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí báńkì. Mo bi í níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì.