Sí Bàbá Olóyin Ìkọ̀tún, Ọ̀gá Oníṣáná

Bàbá Olóyin wa,

Ta ni kò tíì rí yín ní Ìkọ̀tún? Ẹ ó ti orí ìṣáná bọ inú oyin, ẹ ó ṣá a, iná á ràn, èrò á pàtẹ́wọ́. Ẹ ó kán díẹ̀ sómi, á rì bí òkúta. Ẹ ó wá búra pé ojúlówó ni, pé èèrà kì í sún mọ́ ọn. Ta ló kù tó fẹ́ jiyàn?

Èmi ni. Ẹ se ṣúgà títí á fi ki, ẹ ti ìṣáná bọ̀ ọ́: iná lè ràn níbẹ̀ náà. Ẹ kán an sómi: á rì. Ní ti èèrà, oyin gidi kì í lé e. Tó bá ń sá fún tiyín, Bàbá, ó yẹ kí àwa náà máa sá. Ẹlòmíì sì rèé, tó bá rí oyin tó dì, á ní ṣúgà ló sùn sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oyin ìgàn náà máa ń dì.

Kì í ṣe oyin yín nìkan ni èèyàn ń fura sí. Ní 2023, àwọn ará Yúróòpù gbé àbájáde àyẹ̀wò ẹrù oyin 320 tó wọ ilẹ̀ wọn jáde. 147 ló fu wọ́n lára pé àbùlà ni. Ilé àyẹ̀wò ni wọ́n gbé e lọ, wọn ò ṣá ìṣáná kankan.

Ká tiẹ̀ ní ẹ ò bù ú là. Kí lẹ fi lé kòkòrò kúrò nínú afárá? Ṣé èéfín táyà ni àbí oògùn kòkòrò? Kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ rọ ọ́ sí ńkọ́, kí ló ti wà nínú rẹ̀ rí? Tó bá sì jẹ́ ìtòsí ààtàn Solous ní Ìgándò ni ilé oyin náà wà, ẹ rántí pé kì í ṣe òdòdó nìkan ni kòkòrò oyin ń bà lé. Ó ń mu omi àyíká ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fáwọn ìyá ìkókó pé "oyin mi ò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan." Oyin tó mọ́ jù lọ pàápàá lè ní kòkòrò àìrí tó lè rọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lápá lẹ́sẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò fún un. Àdúrà á gbà.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ìṣáná sápò. Ẹ sọ ìlú tí oyin ti wá, ẹni tó fà á, ohun tó fi fà á, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí lára ìgò. Tẹ́ ẹ bá dáhùn, ìgò méjì ni mo máa rà, mi ò ní ná an.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tó ti ní ìṣáná nílé.