Ìtọ́sọ́nà fún Alátọ̀gbẹ Tó Fẹ́ Tan Dókítà Jẹ

Ẹ̀yin alàgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà yín ti lọ sókè, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ ó bá fojú kan dókítà nìkan ló yẹ kó wálẹ̀. Ọjọ́ yòókù, tiyín ni.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, kí gbogbo ilé sì rí i pé ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ẹ̀bà tó ga bí òkìtì ọ̀gán. Gàrí ò kúkú dùn lẹ́nu. Bí ikùn bá wá sọ ọ́ di ṣúgà, ẹjọ́ ikùn nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa jẹ wíìtì, ẹ jẹ abọ́ méjì. Ṣebí oúnjẹ alátọ̀gbẹ ni? Ẹni tó bá ní bí òkèlè ṣe pọ̀ tó ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ahun ni. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ dín kù.

Ìrìn ò yẹ àgbà. Ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin sì rèé, ẹ ò fẹ́ kí tiyín lọ. Ẹ gun ọ̀kadà dé oríta.

Metformin ńkọ́? Ẹ lò ó títí ara á fi fúyẹ́, kí ẹ wá jù ú nù. Bó bá da inú yín rú, ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá kí ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Àgbo ìyá tó wà ní gáréèjì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Insulin? Gbogbo àwọn tó gbà á ló kú, pàápàá àwọn tó sá fún un títí kíndìnrín fi bàjẹ́. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí oníkẹ́míìsì po oògùn fún yín, kó fi dexamethasone sí i. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, kó má lọ rántí pé oògùn náà ń ti ṣúgà sókè.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ rí dókítà. Ẹ gbààwẹ̀. Bí glibenclamide bá wà nínú oògùn yín, ẹ gbé e mì láìjẹun. Bí òógùn bá bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹ ṣubú ní balùwẹ̀, àwọn ará ilé mọ àjẹ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá yè é, ẹ̀rọ á ka 110, nígbà tó jẹ́ pé láàárín 80 sí 130 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárọ̀, kí èèyàn tó jẹun. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe HbA1c. Ìyẹn burú. Ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, kò sì bá yín gbààwẹ̀. Ohun tí ẹ jẹ láti bí oṣù mẹ́ta ló máa rò. Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kó kọjá. Bí tiyín bá jẹ́ 11, ẹ yarí: ẹ ní wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn pààrọ̀ tiyín. Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ ó tún padà wá, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.