Omi ni ọmọ onílẹ̀ Lẹ́kí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ ní Lẹ́kí, Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ti san ti ejẹ́ńtì, ẹ san ti lọ́yà àti ti awọnlẹ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ lówó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Ọmọ onílẹ̀ gidi nìkan lẹ gbàgbé: omi.

Òun ló nibẹ̀. Àbàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀, láàárín ọ̀sà àti òkun, kí àwọn tó ń da yanrìn tó dé. Nígbà tí wọ́n da yanrìn ọ̀hún tán, tí wọ́n mọ ògiri yí i ká, tí wọ́n kọ “Estate” sí ẹnu géètì, kò sẹ́ni tó bi omi léèrè ibi tí yóò kó lọ. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á wá gba owó rẹ̀. Kì í kan géètì. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé, á kí jẹnẹrétọ̀, á kí kápẹ́ẹ̀tì, á jókòó sórí àga olówó ńlá. Ẹ ò sì lè sọ fún un pé kó padà wá lọ́la.

Lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ ń sọ pé àyípadà ojú ọjọ́ ló fà á. Wọn ò kúkú parọ́: òkun ń ga sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kọ́ ló bu ọwọ́ lu pílánù ilé tó jókòó sórí gọ́tà. Àyípadà ojú ọjọ́ kì í lọ sílé ẹjọ́, ìyẹn ni gbogbo ọ́fíìsì fi ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Àwọn kan tiẹ̀ gbọ́n. Ní Bar Beach, níbi tí òkun ti ń jẹ Victoria Island bọ̀, wọ́n da yanrìn sínú òkun, wọ́n pè é ní Eko Atlantic, wọ́n sì ṣètò ògiri òkúta àti kọnkéré tí yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Bill Clinton wá síbi ayẹyẹ rẹ̀ ní 2013. Iṣẹ́ náà dára, n ò ní purọ́. Àmọ́ ọmọ onílẹ̀ tó bá géètì ní títì kì í relé, ilé kejì ló ń yà sí. Àwọn ará Okun Alfa, tí òkun ń gbé ilé wọn lọ, ní ògiri yẹn ló lé ìgbì wá bá àwọn. Àwọn tó mọ ògiri náà ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kò jẹ omi ní kọ́bọ̀ ńkọ́? Àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ Mákòókò gbélé lé òpó igi, omi ń gba abẹ́ wọn kọjá jẹ́jẹ́. Ní oṣù keje 2012, ìjọba fún wọn ní wákàtí 72 pé kí wọ́n kó jáde. Ẹni tó bá omi rẹ́ la lé. Ẹni tó sin omi láàyè la fún ní C of O, ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀.

Ní 2023, orúkọ èèyàn 1,411 ló wà lábẹ́ Nàìjíríà níbi COP28, ìpàdé àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́, ní Dubai. Ká ní a fún kálukú wọn ní ṣọ́bìrì kan ni, gọ́tà Ajah ì bá ti mọ́.

Àbá tèmi ni pé kí ìjọba fún omi náà ní C of O lórí ìwọ̀nba àbàtà tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá? Wọ́n á ní kí omi mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì wá, pẹ̀lú rìsíìtì owó orí ọdún mẹ́ta. Kí fáìlì rẹ̀ tó kúrò lórí tábìlì kìíní, wọ́n á ti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíì.