Ìjàpá Nínú Ilé Kọ̀ǹpútà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó tún dá lórí ilé kọ̀ǹpútà àwọn ẹranko òkè Atakpamé.

Nígbà tí àwọn ènìyàn dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àgbà sílẹ̀ ní Atakpamé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ní 1968, ìlara mú àwọn ẹranko. Erin ní, “Ṣé àwa kò ní ọmọ tí yóò di olùkọ́ ni?” Wọ́n bá dá tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn òkè, láàárín igi tíkì. Nígbà tí wọ́n sé odò Mono ní Nangbéto ní 1987, àwọn náà rí iná fà. Nígbà tí Equiano, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun, sì gúnlẹ̀ sí etí òkun Lomé ní 2022, Erin ní ó tó gẹ́ẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ra ogún kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, àwọn oníjó Tchébé gun igi gíga wọn jó. Àgùnfọn nìkan ni kò gun nǹkan kan, síbẹ̀ òun ló ga jù. Erin sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó ya fọ́tò, ó lọ. Kò tún fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́.

Òfin ilé náà kò pọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni kí a fi kọ̀ǹpútà ṣe, kí olúkúlùkù sì fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn aláṣẹ: wọ́n fi Faransé líle kọ ọ́ kún ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Látàárọ̀ dalẹ́ ni ilẹ̀kùn ọ̀hún sì ń wà ní ṣíṣí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń fara ti ògiri. Alángbá nìkan ló ka òfin náà.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ní tòun kò tó nǹkan. Ehoro ń fa fíìmù wálẹ̀, láti apá kìíní dé apá ogójì. Òun náà ní tòun kò tó nǹkan. Òkété tẹ igba ìwé ìpè fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì gbẹ pátápátá. Ológbò tí wọ́n fi ṣọ́nà ń sùn lórí ẹ̀rọ tó gbóná jù, torí ó fẹ́ràn ooru. Bẹ́ẹ̀ okùn kan ṣoṣo ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ̀rọ omi kan ni, tí gbogbo agboolé jọ ń pọn. Bí ẹnì kan bá gbé àgbá ńlá sídìí rẹ̀, ti ẹlòmíràn a máa kán tó, tó.

Ìjàpá ńkọ́? Kò kọ ìlà kan rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ẹ̀kọ́. Ó lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́.

“Àbúrò mi dáadáa, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tèmi ti bọ́ lọ́kàn mi. Yá mi ní tìrẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.”

Ojú ti Ọ̀kẹ́rẹ́ láti kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ó sọ ọ́ sí i létí: orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dé ọjà, Ìjàpá ń tà á ní ọgọ́rùn-ún fráńkì. Ìkookò rà á, Ọ̀yà rà á, Àkùkọ tí kò mọ̀wé náà rà á. Ìkookò fi orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn opó òkè òkun, pé ọmọ ọba lòun, pé wúrà ń bẹ nílẹ̀, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá ló kù. Ọ̀yà ki fíláàṣì tó rà lójú títì bọ kọ̀ǹpútà, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì ràn láti ẹ̀rọ kan dé èkejì.

Ẹtu nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tó bá wá síbẹ̀. Ó ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lórí ìdí tí ìṣirò fi ń ba àwọn ọmọ abúlé lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí kọ̀ǹpútà, kò rí ìwé rẹ̀ mọ́. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀bọ ń wo bọ́ọ̀lù o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*
Ó ní tòun ò tó nǹkan,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*
Ehoro ń kó fíìmù o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*
Ó ní tòun ò tó nǹkan,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*
Ìwé Ẹtu dà o?
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*
Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!*

Orin náà dé etí Erin. Ó pe gbogbo ẹranko jọ. Igún tó dàgbà jù wọ́n lọ ló kọ́kọ́ dìde.

“Nítòsí ibí, ní Kamina, àwọn ará Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá, wọ́n ń tibẹ̀ bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó o, kí ọ̀tá má bàa lò ó. Àwọn yẹn rí ogun wí. Ẹ̀yin, ogun wo ló lé yín?”

Òkété wúkọ́. Ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Wọ́n pe Ajá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ajá ní kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé ló wà nínú rẹ̀. Ta ló kọ lẹ́tà sí àwọn opó? Orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ló jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sunkún, ó ń tọ́ka sí Ìjàpá. Ìjàpá mi orí títí. “Ọmọ ayé òde òní!” ló wí.

Erin bú ramúramù. “Ta ló wá ń fa íntánẹ́ẹ̀tì yìí jù?”

Ìrù Ajá wọ ilẹ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.”

“Gbangba ni kí o ti sọ ọ́!”

“Ọ́fíìsì yín ni, Bàbá. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di ìdájí. Àwọn ọmọ yín ni.”

Erin nu imú, imú náà sì gùn, ó pẹ́ kó tó nù ún tán. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ sílé fún ọdún kan, kí wọ́n sì ti ilé kọ̀ǹpútà pa kó má bàa bàjẹ́ sí i. Wọ́n fi ọ̀rá bo ogún ẹ̀rọ náà. Ikán bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ tábìlì.

Ẹtu di àwọn ìwé rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Atakpamé láti wá sáíbà. Ó rí ọ̀kan lẹ́bàá títì tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Yánníbo ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, Ìjàpá jókòó sínú afẹ́fẹ́ fáànù. Wọ́n kọ òfin gàdàgbà síwájú ilẹ̀kùn: “Sanwó kí o tó jókòó. Má ki fíláàṣì àjèjì bọ ẹ̀rọ wa. Ẹni bá fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ han ẹlòmíràn, a ó lé e jáde.”

Ẹtu kà á tán, ó wo Ìjàpá. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín ní irú òfin dáadáa báyìí?”

“Ìrírí ni, àbúrò mi,” ni Ìjàpá wí. “Wákàtí kan, ọ̀ọ́dúnrún fráńkì.”