Pẹ́pẹ́yẹ Tọrọ Òǹtẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Pẹ́pẹ́yẹ ìlú Botro, nítòsí Bouaké tí àwọn ọmọ Èjìgbò ilé wa ti ń ṣòwò tipẹ́.

Kó tó di ará Botro, etí odò Bandama ni Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé. Nígbà tí ìjọba sé odò náà ní Kossou, omi wú ní 1971. Ó gba ilé, ó gba oko, ó gba itẹ́ òkú àwọn Baoulé. Ènìyàn tó lé ní 70,000 di ẹrù wọn. Ẹranko tó di tirẹ̀, ta ló kà á? Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ gbàgbé ìkòkò àgbo kan sẹ́yìn ilé. Títí ó fi kú, ìkòkò yẹn ló ń dárúkọ.

Lọ́jọ́ kan, Pẹ́pẹ́yẹ ní òun ó wọ adágún lọ wò ó. Wíwò lásán o, kò ní òun ó gbé e. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Ìgbín ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbín gba ìwé, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì, ó ní kó padà wá nígbà òjò. Òjò dé, Akàn ló ń gbé fáìlì lọ bá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni Akàn ń rìn, ọ́fíìsì ẹlòmíì ló já sí. Àwọn tó ń ṣọ́ odò ní ohun àtijọ́ ni ìkòkò. Àwọn tó ń ṣọ́ ohun àtijọ́ ní inú odò ló wà. Ọ̀gà ni igbákejì ọ̀gá níbẹ̀: láàárọ̀ ó ti fọwọ́ sí i, lọ́sàn-án kò rí i rí.

Pẹ́pẹ́yẹ bú sórin:

Ìkòkò ìyá mi ń bẹ lódò.
*Òǹtẹ̀ dà?*
Ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ wò ó.
*Òǹtẹ̀ dà?*
Mo lẹ́sẹ̀, mo lápá, mo mọ̀wẹ̀.
*Òǹtẹ̀ dà?*
Ta ló tẹ̀ ẹ́ fómi tó gbé e lọ?
*Òǹtẹ̀ dà?*

Alángbá gbọ́ orin náà lára ògiri. Kò níṣẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn, kò sì kúrò níbẹ̀ rí. (Ní Côte d'Ivoire, margouillat, ìyẹn alángbá, ni wọ́n ń pe àwọn tó ń báni sáré ìwé níwájú ọ́fíìsì. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ lójú.) Ó mirí lẹ́ẹ̀mẹta: "Màmá, ẹ mú 5,000 sẹ́fà wá." Pẹ́pẹ́yẹ ta ẹyin oṣù mẹ́ta. Alángbá gbowó, ó tún mirí, ó sá wọ àjà.

Nígbà tó yá, wọ́n pè é síwájú Erinmi, olórí ìgbìmọ̀. Ojú àti etí nìkan ló yọ lókè omi. Ó ní òun ti ka àdéhùn UNESCO ti 2001 lórí ohun àtijọ́ abẹ́ omi, àti ìlànà 36 tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ wá? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Owó rẹ̀ dà? Ta ni yóò tọ́jú ohun tó bá jáde?"

Àwọn ìbéèrè yẹn kò burú o. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ tó rì tà lẹ́yọ lẹ́yọ ló fà wọ́n. Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn gbogbo rẹ̀.

Erinmi ní, "Ó dára. Àmọ́ ohun tó bá pé 100 ọdún lábẹ́ omi ni àdéhùn yìí mọ̀. Padà wá ní 2071."

"Ẹ ó wá fún mi lóǹtẹ̀ nígbà náà?"

"Nígbà náà, ìlànà kìíní ní ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ká fi í sílẹ̀ níbi tó wà."

Pẹ́pẹ́yẹ ronú. "Kábíyèsí, bí òfin kò bá tíì mọ ìkòkò mi, òǹtẹ̀ kí ni mo ń tọrọ?"

Erinmi yanu gbàà. Ó yà á títí, kò fọhùn. Ó ní, "Ìbéèrè rẹ ti wọ fáìlì. Ìgbín á mú un wá." Ó bá rì.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí pẹ́pẹ́yẹ lórí omi: á ti orí bọ̀ ọ́, ìdí á là sókè, á tún yọrí kíá, á wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá Akàn ń bọ̀.