Wọkí-tọkí fún Ẹni Tí Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Gbọ́ Òun

Oríire ti wọlé. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò yín n'Íbàdàn ti dáwó jọ, wọ́n ti ra wọkí-tọkí, wọ́n sì ti gbé ọ̀kan lé ìwọ náà lọ́wọ́. Wọ́n ní torí ọ̀ràn pàjáwìrì ni: iná, olè àti omíyalé. Omíyalé gan-an ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù, torí kò tíì sí ọmọ Ìbàdàn tó gbàgbé ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo wó afárá nígboro, tó sì pa èèyàn tó ju 100 lọ. Bí àgbàlagbà bá wà nítòsí, á ní kí ẹ dákẹ́, pé ẹ ò bá omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980 láyé. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú ló máa ń pe fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á há pátápátá. Wọkí-tọkí ò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì; láti ọwọ́ rẹ ni ohùn ti ń lọ tààrà sọ́wọ́ ẹnìkejì. Nǹkan iyì ni wọ́n gbé fún ọ yìí o. Ó wá kù kí o mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di aláìwúlò, torí iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn náà.

Ìwé pélébé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó, tó wà nínú páálí rẹ̀, fi fún ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ ilé yín. Ó máa wúlò fún un.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó sọ̀rọ̀ ìwọṣọ. Wọkí-tọkí ò wà fún inú ilé, òde ìnáwó ló wà fún. Fi kọ́ bẹ́líìtì, kí o ká agbádá sókè díẹ̀ kí àwọn èrò lè rí i. Máa fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó máa dún kíríṣì-kíríṣì nígbà tí olórin bá ń ki àwọn ọlọ́lá. Àwọn tó jókòó tì ọ́ á rò pé òṣìṣẹ́ DSS ni ọ́, wọ́n á fi ẹran kún tìẹ. Bí o bá ń gbé e rìn, ọ̀pá dúdú tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ẹ́ríà, ni kí o dì mú, bí ẹni gbé ehoro létí. Bí ọ̀pá náà bá ń gún ọ níhà, tú u kúrò kí o jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹnì kan lè wá sọ fún ọ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìfi ẹ́ríà sí i, agbára tí kò róde lọ lè padà sínú kó jó ẹ̀rọ náà. Ìlara ló ń ṣe é.

Bí ẹ́ríà bá sì ṣì wà lórí rẹ̀, má gbé e nàró. Nà án sí ọ̀gangan ilé ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀, kí ohùn lè gba ṣóńṣó rẹ̀ jáde. Ìgbì tó ń gbé ohùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ṣóńṣó ẹ́ríà jáde, ara rẹ̀ yíká ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń gbé e dúró ṣánṣán. Ìwọ ò kúkú sí lára wọn.

Ní ti bátìrì, gbà á sí ṣájà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún ọ, ó parí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ní ìṣirò kan: nínú wákàtí 100 tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, wọ́n gbà pé 5 lèèyàn máa fi sọ̀rọ̀, 5 ló máa fi gbọ́ tẹlòmíràn, 90 tó kù, ẹ̀rọ á kàn dákẹ́ máa retí. Orí ìṣirò yìí ni wọ́n máa ń dúró sí kí wọ́n tó kọ ọ́ sára páálí pé bátìrì máa lo wákàtí báyìí-báyìí. Áádọ́rùn-ún! Ṣé odi ni wọ́n rò pé wọ́n ń ta ọjà fún ni? Ọ̀rọ̀ sísọ ló ń jẹ bátìrì jù, nítorí náà sọ̀rọ̀. Sọ ti bọ́ọ̀lù, sọ ti owó epo, sọ ti àbúrò ìyàwó rẹ tó kó wá láti Ìsẹ́yìn. Kí òjò tó ṣú lálẹ́, bátìrì rẹ ti kú fin-in, o ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Bọ́tìnì ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ògidì òmùgọ̀ ti ń yàtọ̀ sí ayédèrú. Lórí fóònù, àwa méjèèjì lè jọ máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ká sì tún gbọ́ra. Wọkí-tọkí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnì, etí rẹ ti di nìyẹn. Àfi tí o bá tú u sílẹ̀ lo tó lè gbọ́. Ẹnu kan ṣoṣo ni ìkànnì ní, gbogbo àdúgbò ló sì ni ẹnu náà.

Ohun tí ìwọ máa ṣe rèé. Kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná, kí o tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ máa ń gba ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ kí ó tó jí, ohun tí o bá sì sọ kí ó tó jí, inú afẹ́fẹ́ ló gbé. Ká ní omi ti ń gun orí afárá, tí o sì fẹ́ kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ láti ọjà. O pariwo pé, “Ẹ má gba orí afárá o!” Ohun tó dé etí wọn lọ́hùn-ún ni, “...gba orí afárá o!” Wọ́n á sì gbà á. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì, tó mí kan, kó tó lanu, kò lè ṣe irú aburú yìí láéláé. Bí o bá sì fẹ́ẹ́ dé òpin ọ̀rọ̀, tètè tú bọ́tìnì sílẹ̀ kí ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ má baà jáde: “Olè ti wọlé sí ilé Bàbá...” Bàbá tó wà ládùúgbò yín ju ogún lọ. Ọlọ́dẹ á máa fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kan tún wà tó dáa ju méjèèjì lọ. Ki wọkí-tọkí bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, kí o wọ mọ́tò, kí o jókòó lé e. Bọ́tìnì á tẹra rẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, gbogbo lánlọ́ọ̀dù pátá á máa gbọ́ bí o ṣe ń sọ fún ìyàwó rẹ pé akápò ẹgbẹ́ ti fi owó ọlọ́dẹ ra táyà tuntun, àti pé aṣọ tí ìyàwó alága wọ̀ ní Sọ́ńdè kò bá a lára mu. Ọ̀fófó yẹn kọ́ ló dùn mọ́ mi jù o. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé níwọ̀n ìgbà tí ìdí rẹ bá ṣì wà lórí bọ́tìnì yẹn, kò sí ẹni tó lè fi ìkànnì náà ké ìbòsí, kódà kí iná máa jó o lẹ́sẹ̀. Ìwọ nìkan lo lè dá odidi àdúgbò dákẹ́, o ò sì ní mọ̀, torí bí bọ́tìnì ṣe wà ní títẹ̀ yẹn, o ò lè gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú ọ. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ká ẹni tó bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù lọ́wọ́ kò fúnra wọn. Bí tìẹ bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, wá ọmọ Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì kan kó bá ọ pa á.

Bí ẹlòmíràn bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tẹ tìẹ náà. Ẹni tí ìgbì rẹ̀ bá le jù létí olùgbọ́ ló máa borí, ọ̀rọ̀ ẹnìkejì á wọmi. Bí agbára yín bá dọ́gba, ariwo lásán ni wọ́n máa gbọ́.

Ọmọlúàbí ni ọ́, a ò sì ní kí o má kíni. Bí iná bá ń jó, pe alága báyìí: “Alága, ẹ káalẹ́ sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ò le bí? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ńkọ́? A à bá ti wá kí yín láti ìjẹta, òjò yìí ni. Ẹ ṣeun tọjọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi tó yín létí...” Títí o fi máa dé orí ọ̀rọ̀ kékeré náà, òrùlé ti wó. Mégádì géètì kejì, tí kò kàwé tó ọ, kò ní ẹ̀kọ́ rárá. Tirẹ̀ ni: “Alága, Alága, géètì kejì ló ń pè.” Alága ní òun ń gbọ́. “Iná ń jó ilé tó dojú kọ mọ́ṣáláṣí. Èèyàn méjì wà lókè. Ẹ pe 112.” Ó tú bọ́tìnì sílẹ̀, ó dákẹ́. Ẹni tó ń pè, ẹni tó ń jẹ́, ibi tí nǹkan wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kò tilẹ̀ béèrè ìyàwó.

Pariwo pẹ̀lú. Fi ẹnu kan ibi tí ohùn ń gbà wọlé, kí o sì ké tagbáratagbára. Ohùn tó bá rọra jáde láti ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ẹnu máa ń já geere. Tìẹ á fọ́ yángá-yángá, wọ́n á máa bi ara wọn pé ta ló ń lu páànù.

Ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń jìnnà sí ńkọ́? Lára àwọn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí pé ó lè lọ máìlì 35. Irọ́ kọ́, bí ìwọ bá wà lórí òkè gíga, tí ẹnìkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò sí ilé, kò sí igi láàárín yín. Ojú ni irú ìgbì yìí fi ń rìn: ibi tí ojú ò bá lè rí, agbára káká ló fi ń dé ibẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ayé fúnra rẹ̀ á ti tẹ̀ bò yín lójú kí ẹ tó jìnnà síra tó kìlómítà 10. Láàárín ìgboro, pẹ̀lú ilé bíríkì àti òrùlé páànù, kìlómítà kan sí méjì ni kí èèyàn máa retí. Ìbàdàn tó sì jẹ́ pé orí òkè ló jókòó lé! Ẹni tó wà ní kòtò lẹ́yìn òkè Màpó lè máa pe ẹni tó wà níwájú òkè náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àmọ́ gbé wọkí-tọkí kóńkóló kan gun ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ lọ́dún 1936, o máa gbọ́ àdúgbò tí o ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí wọn ò bá gbọ́ ọ, má gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, má sún síta, má ṣí kúrò lójú kan. Wọ yàrá inú lọ́hùn-ún, ti ilẹ̀kùn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, kí o sì bú àwọn Ṣáínà tó ṣe é.

Bọ́tìnì kan tún wà tí wọ́n ní ó ń fún ìkànnì yín ní kóòdù àṣírí. Gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí kóòdù yẹn ń ṣe kò ju pé kí ìwọ má gbọ́ àwọn tí kò lo irú rẹ̀ lọ. Àwọn, ketekete ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, kéde níbẹ̀ pé gbogbo ilé ń rìnrìn-àjò lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Jímọ̀, àti ibi tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí. Bí ìkànnì tiyín bá sú ọ, máa yí i kiri títí wàá fi bá tọlọ́pàá pàdé, kí o kí wọn. NCC ló ń fúnni láṣẹ láti lo ìgbì ní Nàìjíríà, kò sì burú kí ẹ mọra yín.

Ọ̀kan wà tí n kò ní fi ṣẹ̀rín. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, tí àwọn apániláyà fi bàálù kọlu World Trade Center ní New York, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gba ohùn wọkí-tọkí àwọn panápaná, tó sì ń tún un sọ pẹ̀lú agbára kó lè dé òkè àwọn ilé gogoro alájà 110 tó wà níbẹ̀. Bọ́tìnì méjì ló yẹ kí wọ́n tẹ̀. Wọ́n tẹ ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọ̀gá tó wà nísàlẹ̀ ilé ìhà àríwá dán an wò, wọn ò gbọ́ ara wọn, wọ́n gbà pé ó ti bàjẹ́, wọ́n pa á tì. Ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí lẹ́yìn náà ló rí i pé ara ẹ̀rọ dá ṣáká. Bọ́tìnì kejì ni ẹnikẹ́ni ò tẹ̀. Ìkànnì tí wọ́n wá ń lò, èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀. Nígbà tí àṣẹ jáde pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan gbọ́, àwọn kan ò gbọ́. Panápaná 343 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lọ. Àwọn wọ̀nyẹn mọ iṣẹ́ wọn bí ẹni mowó, àárín iná ni wọ́n sì wà. Ìwọ, orí àga lo jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń pe orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, o ò sì jẹ́ ẹ lóhùn.

Má jẹ́ ẹ lóhùn. Eré ìdárayá ni ìpè yẹn jọ lójú rẹ, wọ́n sì ń ṣe é nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́.

Bí ọjọ́ náà bá wá dé tí òjò rọ̀, tí odò kún, tí wọ́n pè ọ́ pè ọ́ tí o ò gbọ́, wọ́n á pe ìpàdé pàjáwìrì. Tètè dé ibẹ̀. Wọ agbádá, fi wọkí-tọkí kọ́ bẹ́líìtì, bátìrì rẹ̀ ìbáà ti kú láti oṣù mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nàka sókè, kí o ní ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹgbẹ́. Dá a lábàá pé kí wọ́n tún dáwó, kí wọ́n ra èyí tó tóbi ju èyí lọ, tó ní ẹ́ríà méjì, kí wọ́n sì fi ìwọ ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa lọ rà á ní Dùgbẹ̀.